Etí Káfíńtà àti Ẹyẹ Ìdájí

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tó dá etí, tó sì fi èémí sí wa nínú. Ẹ gbọ́ ìròyìn ilé kan.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà sùn, kò jí. Ikọ́ fée nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ta ló sì rò pé ikọ́ lè pani lóru kan ṣoṣo?

Ẹkún ò tíì tán tí etí Káfíńtà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, ọyún tó ń fà bíi gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ pákó. Bí oògùn bá mú un gbẹ lọ́sẹ̀ yìí, á tún dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò gbọ́ ohùn ayùn ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́.

"Àjẹ́ ilé ni," làwọn aládùúgbò ń wí. Ojú wọn wà lára Màmá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá Káfíńtà lóbìnrin, tó tọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dàgbà.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, ìyàwó Káfíńtà, tó ń sùn ti ọmọ ní yàrá kejì, gbọ́ ohùn ẹyẹ, tẹ́ẹ́rẹ́ bíi fèrè. Ó yọ jáde. Màmá Àgbà ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ rẹ̀, ó dúró bí òpó.

"Ẹyẹ Màmá ké lónìí," ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tílẹ̀ mọ́.

"Ẹja?"

"Ẹyẹ ni mo ní. Ẹ kọ etí tó sàn díẹ̀ sí mi. Wọ́n ti mú ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀yin ló kù. Bí wọn ò bá kúrò nílé yìí lọ́jọ́ Ẹtì, èmi àti ọmọ á kúrò."

"Ibo ni kí wọ́n lọ lọ́jọ́ ogbó?"

"Kí wọ́n fò lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, tọkọtaya lọ rí dókítà etí. Dókítà náà nu etí rẹ̀, ó wá dúró, ó ń fetí sí èémí rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ mí dáadáa. Ṣé ikọ́ fée ń bá yín jà ni?"

"Etí ló gbé mi wá o, kì í ṣe àyà."

"Ní tiyín, àìsàn kan náà ló ń mú méjèèjì wú. Ẹ ń tọ́jú etí, ẹ pa àyà tì. Ìdí tó fi ń padà nìyẹn. A ó tọ́jú wọn pọ̀." Ó fi okùn tó fi ń gbọ́ àyà sí ìyàwó létí.

Ìyàwó gbọ́ ọ: ẹyẹ ìdájí ni, nínú àyà ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá Àgbà, tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà ti ta sí létí, ti di ẹrù, ó jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó kúnlẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń dúró ṣe nídìí ilẹ̀kùn yẹn?"

"Mò ń ṣọ́ èémí rẹ̀, kí n lè tètè jí i. Lóru tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, oorun gbé mi lọ."

Ìyàwó fa Màmá dìde. Ó gbé ẹrù náà rù, ó sì dá a padà sí yàrá arúgbó náà.

Ìwọ tó ka èyí, Olúwa á dá èémí rẹ sí. O ò ní fọwọ́ ara rẹ lé ẹni tó ń ṣọ́ ọ jáde. Àmín.