Àpò Cavaca Ìyá Deolinda

Bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí egungun ẹja tí mo máa jẹ lónìí há mi lọ́fun. Ìlú Aveiro níbí ló ti ṣẹlẹ̀, lójú gbogbo ayé, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn àjọ̀dún Ẹni Mímọ́ Gonçalinho.

Èrò pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn débi pé bí abẹ́rẹ́ bá já bọ́ láti òkè, orí èèyàn ló máa sùn sí mọ́jú. Àwọn kan dojú agbòjò wọn sókè bí abọ́, àwọn kan fi àwọ̀n sórí ọ̀pá gígùn, torí cavaca ń rọ̀ láti orí òrùlé, àwọn tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ẹni Mímọ́ ló ń jù ú. Bisikíìtì ni cavaca, wọ́n fi ṣúgà bò ó, ó sì le bí òkúta. Èyí tó kéré jù níbẹ̀ tó orí ọmọ ọwọ́. Ọ̀kan ba ọkùnrin kan lágbárí, kò rántí orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Ìyàwó rẹ̀ ní kò rántí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà.

Lórí ìlà tó lọ sẹ́nu ọ̀nà àtẹ̀gùn òrùlé ni Iria wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, láti abúlé kan lórí òkè Caramulo. Àpò aláwọ̀ búlúù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kílò cavaca mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú rẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, Deolinda, ló fi aṣọ fèrèsé àtijọ́ rán àpò náà fúnra rẹ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni Ìyá Deolinda já bọ́ láti orí igi ólífì. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Dókítà ní kò ní dìde mọ́. Lórí ibùsùn níbẹ̀ ló ti ṣèlérí: "Gonçalinho, ìwọ tó o máa ń wo egungun sàn, bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé ilé ìdáná, màá wá ju kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ." Ó sì rìn dé ilé ìdáná. Àmọ́ àtẹ̀gùn òrùlé yẹn há, ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ẹsẹ̀ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin kò lè gùn ún. Wọ́n bá gbé àga fún un sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kan, ó jókòó síbẹ̀, ó tẹjú mọ́ òrùlé.

"Iria, kó o tó ju àkọ́kọ́, pe orúkọ mi o. Sọ pé, 'Deolinda ti rìn.' Mo ṣèlérí pé bí kì í bá ṣe ọwọ́ mi, ọwọ́ ẹ̀jẹ̀ mi ló máa jù ú. Ẹni Mímọ́ yìí máa ń bínú bí ọmọdé."

"Mo ti gbọ́, Ìyá Àgbà. Ẹ̀ẹ̀mejìlá lẹ ti sọ ọ́ láti àárọ̀."

"Ó wá di ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá."

Ká má purọ́, kì í ṣe tìtorí ẹ̀jẹ́ yìí nìkan ni Iria ṣe wá. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ló ti ń fọ́nnu nílé ìwé pé òun ń lọ sí Aveiro, pé òun máa wọ ọkọ̀ ojú omi alárabarà, pé òun máa ya fọ́tò. Wákàtí kan ti kọjá, ẹ̀yìn orí èèyàn nìkan ló ṣì ń wò. Ibẹ̀ ni Núria, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá wọn wá, ti sáré dé.

"Iria! Àyè méjì ló kù nínú ọkọ̀ kan, wọ́n fẹ́ gbéra báyìí!"

"Ṣé o ò rí i pé mo wà lórí ìlà ni?"

"Ìlà wo? Ẹ máa wà níbẹ̀ títí di Ọjọ́ Àjíǹde! Kí lo máa wá sọ fún wọn nílé ìwé? Pé ìpàkọ́ lo lọ wò ní Aveiro?"

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Ojú ti Iria. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Abílio lorúkọ rẹ̀, ó sanra bí àgbá, irun imú rẹ̀ sì tó fi gbálẹ̀, òun náà gbé àpò tirẹ̀ dání. Ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Màá bá ọ di àyè mú. Èmi náà ti ṣe ọmọdé rí."

Iria wo ọ̀ọ́kán. Òrùlé ni ìyá àgbà ń wò, kò wo ìlà.

"Ẹ ṣé o, bàbá. Mi ò ní pẹ́ rárá." Ó gbé àpò náà lé e lọ́wọ́.

Ọkọ̀ náà dára, mi ò ní bà á jẹ́. Wọ́n kun imú rẹ̀ ní pupa àti yẹ́lò, kódà àwọn ẹja ń yọjú wò ó. Iria ya fọ́tò mọ́kànlélógún. Ìgbà tó fẹ́ ya ìkejìlélógún ni òjò dé láti inú òkun, òjò oṣù Ṣẹ́rẹ́, tó ń na èèyàn bí ẹgba. Àwọn tí kò ní sùúrù lórí ìlà sá wọlé. Ìlà tó gùn bí ìrìn àjò wá kúrú bí ìka.

Láti ojú omi, Iria rí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì láàárín ilé méjì. Ó rí ẹnì kan tó sanra tó yọ síbẹ̀. Ó rí àwọ̀ búlúù.

"Ẹ dá ọkọ̀ dúró!"

"Kí n dá a dúró síbo? Lórí omi?" ni atukọ̀ wí.

"Ẹ yí padà, ẹ jọ̀ọ́! Àpò ìyá àgbà mi nìyẹn!"

"Ọmọ, ibí yìí há, ọkọ̀ méjì sì wà lẹ́yìn wa. Ó dìgbà tá a bá dé òpin. Jókòó kó o má bàa kó sómi."

Iria kò jókòó. Ó di etí ọkọ̀ mú, ó ń wò. Cavaca ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi gbogbo ẹnu pariwo, "Deolinda ti rìn! Deolinda ti rìn!" Àwọn èrò inú ọkọ̀ rò pé orin ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́. Níkẹyìn, ọkùnrin náà dojú àpò délẹ̀, ó gbọn ìyókù dànù. Ọkọ̀ ń lọ ní tirẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìgbà tó sáré dé ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn, wọ́n ti ń tì í pa. Abílio dúró síbẹ̀, ó tutù rinrin, àpò òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi! Mo fi ojú wá ọ títí. Àwọn èèyàn ń tì mí, ẹni tó bá ti wọ àtẹ̀gùn yẹn kò lè padà sẹ́yìn. Mo ní kàkà kó ṣòfò, kí n bá ọ jù ú."

"Orúkọ ta ni ẹ pè?"

"Orúkọ ìyá mi ni. Òun nìkan ni mo mọ̀." Ó wo ojú ọmọ náà. "Àbí mo ti ṣe àṣìṣe?"

Ta ni Iria fẹ́ bú? Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀. Cavaca mẹ́ta péré ló rí nínú omi òjò, ọ̀kan ti fọ́.

Bó ṣe ń lọ bá ìyá àgbà, ó ti to irọ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: òun wà lẹ́yìn ọkùnrin náà, òjò ni kò jẹ́ kí wọ́n rí òun. Àmọ́ ìyá àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Iria, láàárín wákàtí kan, o sanra, o tún hu irun imú."

Núria bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára panu mọ́. Irọ́ náà kú sẹ́nu Iria.

"Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo wà, Ìyá Àgbà."

"Ẹni yẹn, ṣé ó pe orúkọ mi?"

Bẹ́ẹ̀ ni ì bá rọrùn láti sọ. Ta ni ì bá mọ̀?

"Kò pè é, Ìyá Àgbà."

Ìyá Deolinda tún tẹjú mọ́ òrùlé tó ti ṣófo.

"Ẹ jẹ́ kí n fi mẹ́ta yìí..."

"Jù wọ́n sílẹ̀. Ohun tí a bá ti fún Ẹni Mímọ́, a kì í ṣà á nílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì."

"A máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, Ìyá Àgbà. Mo búra."

"Ta ni 'a'?" Ó na ọwọ́. "Gbé mi dìde. Bọ́ọ̀sì ò ní dúró dè wá."

Ẹsẹ̀ náà kọ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Iria àti Núria ló gbé e láàárín títí dé ìdí bọ́ọ̀sì. Ṣé òtútù òjò ni? Ṣé ìbínú Ẹni Mímọ́ ni? Iria kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un láéláé. Ó gbé ẹsẹ̀ ìyá àgbà lé itan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ra á títí wọ́n fi gun òkè délé, kò sì gbóná.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ gbọ́ o. Iṣẹ́ tí wọ́n bá fi lé yín lọ́wọ́, ọwọ́ yín ni kó jẹ́ ẹ. Aláàánú lè bá ọ di ẹrù mú, kò lè bá ọ di ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ mú. Ẹni tó bá sì ń sá fún ẹ̀rín ọ̀rẹ́ máa ń sá kọjá ohun tó ṣe é lóore.

Ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbọ́ mi bi mí pé, "Ìyá náà ńkọ́? Ṣé ó wá lọ́dún kejì?"

"Ó wá!" ni mo wí. "Ẹsẹ̀ kan ló fi gun àtẹ̀gùn yẹn! Igba kílò ló jù, ó tún jó lórí òrùlé!"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Dìde," ni àwọn tó ń gbọ́ mi wí. "Máa lọ sílé, kí egungun ẹja má bàa há ọ lọ́fun."