Ilẹ̀kùn Mọ́tò Ọ̀gá Jẹ́jẹ́

Nínú ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi, àwọn oníbàárà ló máa ń pa irọ́. Èmi a kàn máa gẹ irun wọn lọ. N kò ní ẹ̀bùn irọ́ pípa. Nítorí náà, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí ni kí ẹ gbà á. Ó ṣojú mi, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú.

Mọ́tò ọkọ àbúrò mi obìnrin ni. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ náà, nítorí pé tó bá ń wa mọ́tò lọ, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè kí i, kó béèrè àlàáfíà ilé àti ọ̀nà, kó tó kọjá. Lọ́jọ́ tó kú, kò tilẹ̀ wà lórí ìrìn. Ó dá mọ́tò dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ọkọ̀ akẹ́rù kan wá kọlù ú níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gba gbogbo rẹ̀.

Páńẹ́lì-bítà ní ilẹ̀kùn yẹn kò ṣeé nà mọ́. Ó bá wa yọ òmíràn lára mọ́tò àlòkù kan. Funfun ni ilẹ̀kùn náà, àwọ̀ aró sì ni mọ́tò wa. Péńtà tó yẹ kó kùn ún ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la.

Àbúrò mi kò sì sùn láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀. Níwájú fèrèsé yàrá rẹ̀ ni mọ́tò náà wà.

"Bùrọ̀dá," ó wí fún mi, "tó bá ti kúrò níwájú fèrèsé mi, màá sùn."

Ẹnìkan ti ṣetán láti rà á. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gbé mọ́tò aláwọ̀ méjì, pé ìrọ̀lẹ́ Sátidé lòun ń bọ̀. Mo wo ojú àbúrò mi, ó ti jìn wọnú. Ni mo bá lọ ra agolo ọ̀dà fífọ́n. Orí ènìyàn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, n kò mọ ilẹ̀kùn mọ́tò, àmọ́ ẹni a ní kó ṣe é kò yọjú.

Mo fi sáńpépà ha ilẹ̀kùn náà títí apá mi fi kú. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún. Mo fi tépù lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gíláàsì rẹ̀. Mo fọ́n ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́, mo dúró kó gbẹ, mo tún fọ́n. Nígbà tí ó fi di ọ̀sán Sátidé, ó ku ọ̀dà aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fọ́n gbẹ̀yìn kó lè dán. Ìka tí mo fi ń tẹ orí agolo kò fẹ́ nà mọ́. Ó rẹ̀ mí dé egungun.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé kí á má fọ́n ọn nígbà tí ọ̀rinrin bá wà, pé yóò funfun. Mo kà á. Ta ló ráyè dúró de oòrùn? Mo fọ́n ọn.

Nísàlẹ̀ gíláàsì, lókè ọwọ́ ilẹ̀kùn, ibì kan funfun. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo ní ọ̀rinrin ni. Mo ha á, mo tún fọ́n. Ó dán. Mo yíjú kí n mu omi. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ti funfun níbi kan náà.

Mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí n kò yíjú. Mo jókòó sórí àpótí, mo tẹjú mọ́ ọn.

Atẹ́gùn kò fẹ́. Omi tó ń kán lórí páànù dákẹ́. Ara ilẹ̀kùn funfun, ó fẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń kéré, ó ń kéré, ó di bíńtín, ó lọ. Ó dúró díẹ̀. Ó tún dé.

Mo mọ ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ nu dígí ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń mí sí i lára.

Mo fẹ́ dìde. Mo tún jókòó. Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan, àárẹ̀ wà ńbẹ̀.

Àbúrò mi jáde síta. "Ṣé ó ti parí?"

"Ó kù díẹ̀."

"Láti àárọ̀ lẹ ti ń sọ ó kù díẹ̀. Ẹ ti ń dà bíi péńtà yẹn."

Ó súnmọ́ ilẹ̀kùn. Ó rí i.

"Bùrọ̀dá, ta ló sọ fún yín?"

"Sọ kí ni?"

"Ohun tó máa ń ṣe láràárọ̀."

Mo ní n kò mọ nǹkan kan. Ó ní kí ọkọ òun tó wọ mọ́tò, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á mí hàà sí ara ilẹ̀kùn, níbẹ̀ gan-an, á sì fi apá ẹ̀wù nù ún.

"Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò yìí gan-an nìyàwó ẹ̀," ó wí.

"Ilẹ̀kùn yẹn kọ́ nìyí. Kò fojú kan èyí rí."

"Mo mọ̀."

Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ bo àtẹ́lẹwọ́. Ó nu ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀dà tútù ni, ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ aṣọ. Kò lẹ̀. Ó dán. Nínú dídán náà mo rí ojú rẹ̀, mo sì rí ara mi lẹ́yìn rẹ̀, agolo lọ́wọ́ mi. N kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, kí n má baà rí ẹnìkẹta níbẹ̀.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó jókòó sí àyè ọkọ rẹ̀, ó tì í. Ó gbé orí sẹ́yìn. Kò pẹ́, oorun gbé e lọ.

Mo dúró sí igun iwájú mọ́tò. Bí àyà rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ara ilẹ̀kùn á funfun. Bí ó bá gòkè, á mọ́. Lára ìta ni, níbi tí èémí rẹ̀ kò lè dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí. N kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Fèrè mọ́tò dún lẹ́nu géètì. Mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò náà kí ó má baà tún fọn ọ́n.

"Ṣé ó ti ṣeé gbé?" ó béèrè.

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀dà ò tíì gbẹ."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Mi ò mọ̀."

Ó pòṣé, ó yí mọ́tò rẹ̀ padà.

N kò parọ́ fún un. Mọ́tò náà ṣì wà níwájú fèrèsé. Àbúrò mi ń sùn dáadáa. Láràárọ̀ ó ń jáde, ó ń fa apá ẹ̀wù bo ọwọ́. Èmi náà máa ń yà níbẹ̀ tí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, màá fi ìka kan ọ̀dà náà. Kò tíì gbẹ.