Ìkìlọ̀ Pupa Tí Kò Yọ Mọ́

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ilé oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìyá wà nídìí káńtà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó kọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò, jókòó lẹ́yìn, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Màámi, ìgbà wo lẹ rí ìkìlọ̀ pupa gbẹ̀yìn? Èyí tó máa ń sọ pé oògùn méjì ò bára mu?"

Ìyá ronú. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní bóyá ara àwọn èèyàn ti ń le ni."

Ọmọ fò dìde. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn gan-an ló gbé ẹ̀dà tuntun èdè kọ̀ǹpútà tó fi kọ ètò náà sórí ẹ̀rọ. Apá tó ń yẹ oògùn wò kì í ṣe tirẹ̀. Àfikún ni, ètò kékeré tí wọ́n so mọ́ tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló kọ ọ́. Ó ṣí àkọsílẹ̀ ètò náà. Láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀dà tuntun ò gba àfikún náà wọlé mọ́. Ètò ò sì pariwo, torí òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé bí àfikún kan ò bá ṣiṣẹ́, kí ètò máa bá iṣẹ́ lọ, kí oníbàárà má baà mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́.

"Àǹtí ńkọ́?"

Aránṣọ ni Àǹtí, àbúrò ìyá. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló ń lò.

"Mo fún un ní oògùn ìrora orúnkún lánàá."

"Ha! Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀jẹ̀ lè má dá!"

Wọ́n pè é, kò gbé e. Wọ́n sáré. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n bá a, ó fi àkísà di imú, ẹ̀jẹ̀ ti ta sórí aṣọ funfun.

"Ẹ fi imú mi sílẹ̀," ló ní, "ẹ bá mi wo aṣọ oníaṣọ!"

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni ọmọ ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kọ àfikún náà.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ pé ẹ̀dà tuntun ń bọ̀ ni?"

"Mo gbọ́. Oṣù mẹ́rin ni àwọn tó ṣe èdè náà fi kìlọ̀. Ẹ̀dà ìdánwò wà nílẹ̀, mi ò kàn gbé àfikún náà lé e wò. Mo ní bó bá bàjẹ́, wàá pè mí."

"Mo ti pè yín báyìí."

Ìlà méjì nínú àfikún náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ṣe. Kò gbà á ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni Àǹtí fi sùn sí ọsibítù. Ìyá àti ọmọ pe gbogbo oníbàárà ọjọ́ mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́wọ́, wọ́n gba èébú.

"Pupa ò yọ," ni ìyá sọ fún àbúrò rẹ̀, "èmi náà ò sì bi ọ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ gbé ọpọlọ yín fún ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìwọ tó ń kọ àfikún, bí ẹ̀dà ìdánwò bá ti jáde, gbé iṣẹ́ rẹ lé e wò. Kọ ẹ̀dà tó bá a mu síta, àti èyí tí o ò tíì dán wò. Bó bá sú ọ, sọ ọ́, kí ẹlòmíràn gbà á. Ìwọ tó ń lò ó, fi kọ̀ǹpútà mìíràn dán ẹ̀dà tuntun wò kó tó dé iwájú oníbàárà, má sì pa ètò lẹ́nu mọ́. Ogún ìṣẹ́jú ni. Ṣe é lónìí.