Abẹ Tí Ṣàfíù Rà Sílẹ̀ De Ọmọ Rẹ̀

“Èmi, kí n lọ tò lórí ìlà ní ọsibítù? Èmi tí mo bí oníṣẹ́ abẹ sínú ilé!”

Ohùn Ṣàfíù gba gbogbo ibùdókọ̀ Tudu kan. Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárín páálí ọṣẹ àti mílíìkì alágolo, ó ń fọwọ́ sọ̀yà.

“Fàdílátù mi ti wà ní tíátà báyìí!”

Àrówólò ọ̀rẹ́ rẹ̀ lajú. Ọkùnrin yìí kì í bá ẹnikẹ́ni gbé páálí, bẹ́ẹ̀ ni kì í jókòó láì tẹ́ ìwé ìròyìn sórí itan. “Tíátà? Eré wo ló ń ṣe níbẹ̀?”

“Eré ń pa ọ́! Tíátà tí wọ́n ti ń la ènìyàn nínú ni mo ń wí.”

Fàdílátù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò trotro gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ọdún kejì rẹ̀ rèé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ń ran dókítà lọ́wọ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Láti àárọ̀, fífọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá ni wọ́n ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kíkà: kí a ka abẹ, kí a ka ẹ̀mú, kí a ka òwú, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti kí wọ́n tó dí inú aláìsàn. Bí kíkà kò bá pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀. Fàdílátù fúnra rẹ̀ kò tíì gé ohun tó ju àlùbọ́sà lọ rí.

Ó mọ ohun tó wà nídìí ìhàlẹ̀ bàbá rẹ̀: ìpá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan kan ti wú jáde níbi tí itan ọ̀tún rẹ̀ ti pàdé ikùn. Bó bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Bó bá wúkọ́, á tún yọjú bí àlejò tí wọn ò pè.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ọsibítù kí nǹkan yìí tó há.”

“Ṣé dókítà tún ń rán aláìsàn sí dókítà ni?”

Àrówólò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni ọ̀rọ̀ di iṣu-ata-yán-an-yàn-an. Nílé wọn ní Mamobi, Zuweira, ìyá Fàdílátù, gbá ilẹ̀kùn ọmọ rẹ̀. “Fàdílà! Bàbá rẹ ń pè ọ́ ní yàrá. Ó ní èmi ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ọ wọlé.”

Bó ṣe wọlé báyìí, Àrówólò ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá sórí ẹní, Ṣàfíù sì nà gbalaja lórí rẹ̀, òógùn bò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni abẹ ìfárùngbọ̀n tuntun kan wà nínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ìgò sípíríìtì, òwú, àti ìbọ̀wọ́ tí Zuweira fi ń kun irun.

“Bismillah,” Ṣàfíù wí. “Gé e.”

“Bàbá!”

“Mo ti sọ fún gbogbo Tudu. Má dójú tì mí.”

Fàdílátù kúnlẹ̀ wo ibẹ̀. Ìpá náà le bí èkùrọ́, ó pọ́n, kò wọlé mọ́.

“Ìgbà wo ló ti rí báyìí?”

“Láti ìdájí. Mo ti bì lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Ẹ ti só?”

“Ṣé ohun tí ọmọ ń bi bàbá rẹ̀ nìyẹn?”

“Bàbá, ẹ ti só àbí ẹ ò tíì só?”

“Mi ò tíì só.”

Ó yé e wàyí. Ìfun ti há sínú ìpá, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ibẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, ìfun á jẹrà, bàbá rẹ̀ á sì kú. Ilẹ̀kùn sì rèé ní títì. Bó bá ní kí òun bá wọn jà, ìjà á jẹ àkókò tí kò sí.

Ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó mú abẹ. Àrówólò di ojú pinpin.

“Ẹ jẹ́ kí n kà ná,” ni Fàdílátù wí. “Òfin iṣẹ́ ni. Abẹ?”

“Ọ̀kan,” ni Ṣàfíù dáhùn.

“Ẹ̀mú tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró?”

“Kò sí.”

“Ẹni tó máa kùn yín lóorun?”

“Àrówólò máa di ẹsẹ̀ mi mú.”

“Ẹ̀jẹ̀ tí a ó fà sí yín lára?”

Ṣàfíù wo ìgò sípíríìtì.

“Dókítà oníṣẹ́ abẹ?”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Èmi ni mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé abẹ fún un, Bàbá. Ẹni tó ń gbé abẹ kọ́ ló ń gé. Kíkà ò pé. Bí kíkà ò bá pé, a kì í bẹ̀rẹ̀.”

Ó ju abẹ náà sínú agolo òfìfo, ó dé e pa. Lẹ́ẹ̀kan náà ni ìrora gún Ṣàfíù, ó ké bí àgbò Iléyá: “Àrówólò, ṣílẹ̀kùn!”

Ọ̀nà Nima kún fọ́fọ́. Zuweira yọ orí lójú fèrèsé takisí, ó ń bẹ àwọn awakọ̀ ní Haúsá, ó ń bú wọn ní Twi.

Bí wọ́n ṣe dé ọsibítù ni wọ́n ti gbé Ṣàfíù wọlé. Fàdílátù sáré tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì náà dé ibi ìlà pupa kan tí wọ́n kùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà, ó dúró gbagidi.

“Wọlé tọ̀ ọ́ lọ!” Zuweira ké. “Ṣebí ibi iṣẹ́ rẹ nìyẹn?”

“Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, bàbá mi sì ni. Mi ò gbọdọ̀ kọjá ìlà yìí.”

Wákàtí méjì ló fi dúró síbẹ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n ń kà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹnu rẹ̀ sì ń kà á pẹ̀lú wọn wúyẹ́wúyẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣàfíù lajú, ẹnu náà sì là pẹ̀lú rẹ̀. “Gbogbo wọ́ọ̀dù, ẹ gbọ́! Ọmọ mi ló gé e! Mo rí ojú rẹ̀ lókè ìbòmú kí n tó sùn!”

“Abena tó ń ṣiṣẹ́ ní tíátà níbí lẹ rí, Bàbá,” ni Fàdílátù wí. “Òun náà kọ́ ló gé e, òun ló gbé abẹ fún dókítà. Èmi wà níta, bàtà yín ni mo gbé dání.”

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Dókítà Mutala tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ọmọ Nima tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

“Bàbá, ọmọ tó kọ̀ láti gé yín ló gbà yín là.” Ó yíjú sí àwọn tó wá kí aláìsàn. “Ẹ̀yin ará, ìpara kì í wo ìpá sàn. Ẹ tètè fi han dókítà nígbà tó ṣì ń wọlé tó ń jáde. Bó bá wá le, tó ń dunni, tí kò wọlé mọ́, tí èébì dé, tí ẹni náà ò lè só tàbí kó yàgbẹ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn yín nílé, ì báà jẹ́ ọmọ yín, ì báà jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá sì lọ́mọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ fi yangàn, ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kí ẹ tó kéde rẹ̀.”

Zuweira ṣàmín. Gbogbo wọ́ọ̀dù ṣàmín. Ṣàfíù pàápàá ṣàmín, ojú ń tì í.

Àrówólò, tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, rọra gbé ìwé ìròyìn kúrò lórí itan rẹ̀.

“Tèmi,” ó wí, “ti pé ọdún méje.”