Káfíńtà Tó Ṣáájú Wa Débẹ̀

Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ilé ìwòsàn náà ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni, àwa mẹ́jọ tí ìjọ wa rán wá sìn ní ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì, eruku ọ̀nà ṣì wà ní ìpéǹpéjú wa. Ó ń bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Nígbà tó kàn mí, ẹ̀rín náà lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wo ojú mi fínnífínní, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò dá a lójú pé òun gbà á:

"Abẹ́rẹ́?"

Èdè wa nìyẹn. Kò sì sí ẹni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí mọ́.

Ọkọ mi ló sọ mí lórúkọ náà. Káfíńtà ni, èmi ń ránṣọ, mo sì kéré lára. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a jà, nítorí àga kan tó kàn fún mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju èyí tó kù lọ, ó ní òun ti wá mọ̀ báyìí pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Inú yàrá wa nìkan ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Mo ní etí mi ló ń tàn mí. Mo tẹ̀lé àwọn tó kù wọlé.

Ọkọ mi ló yẹ kó wá, kì í ṣe èmi. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́tà dé ìjọ wa pé ilé ìwòsàn kékeré kan ní ihò fèrèsé mẹ́sàn-án tí kò sí fèrèsé kankan níbẹ̀, òjò ń pa àwọn aláìsàn lórí ẹní. Ọkọ mi fi orúkọ sílẹ̀. Ó ti ń pọ́n irin iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀. Ìrìn-àjò náà yẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó jáde láyé. Nígbà tí ẹgbẹ́ tún gbéra, Ajíhìnrere tó ń ṣáájú wa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Màmá, ẹ wá rọ́pò wọn. Ẹ óò bá wa rán aṣọ ibùsùn."

Mo gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtara ló gbé mi dìde. Mo ń sá fún ilé ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kú, mi ò sí ńlé. Mo fún un lóògùn láàárọ̀, ó sùn lọ, mo ní kí n sáré gbé aṣọ lọ fún ìyàwó tuntun kan. Wákàtí méjì péré. Ìgbà tí mo dé, ó ti tutù. Gbogbo èèyàn ní kí n má dá ara mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló kú, kò sẹ́ni tó bá a di ọwọ́ mú, èmi sì wà níbi tí mo ti ń dín ẹ̀gbẹ́ aṣọ.

Bí a ṣe wọ ilé ìwòsàn náà, Ajíhìnrere ló kọ́kọ́ dúró sójú kan. A ti ra pákó lójú ọ̀nà, a sì mú káfíńtà mìíràn dání. Fèrèsé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti wà ní ààyè wọn. Oòrùn àti òjò ti sọ igi wọn di aláwọ̀ eérú, síbẹ̀ inú yàrá náà ń rùn bí pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

"Ta ló ṣe é?" ló bi Tíṣà, ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ fún wa.

Tíṣà wò wá bíi pé a ń ṣẹ̀fẹ̀. "Káfíńtà yín ni. Ṣebí ẹ̀yin lẹ rán an ṣáájú? Ó lo ọjọ́ méjìlá níbí lọ́dún tó kọjá."

Ajíhìnrere ní bóyá ìjọ mìíràn ni. Mo lọ síbi fèrèsé tó sún mọ́ mi jù, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí ọkọ mi bá ṣe, ó máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ abẹ́rẹ́ kékeré kan sí ibi tí ojú ò tó, tòun ti ihò tí òwú ń gbà kọjá. Oníbàárà kì í mọ̀. Ìka mi bá a níbẹ̀. Mo lọ sí èkejì. Ó wà níbẹ̀.

Mo fi àwòrán rẹ̀ tó wà lórí fóònù mi han Ìyá àgbà. Ó kàn mi orí, ó fà mí jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, Tíṣà náà ń fi ohùn kan náà túmọ̀.

"Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, láàárọ̀. Àwọn ajá wa kì í jẹ́ kí àlejò kọjá. Wọ́n dìde fún un, wọ́n dákẹ́."

"Èdè wo ló ń sọ?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Ìyá ní àwọn ò rò ó rí. Wọ́n kàn ń gbọ́ ọ ni."

"Ó ń jẹun?"

"Ó máa ń gba àwo, á dúpẹ́. Bó bá yá, oúnjẹ á ṣì wà bó ṣe wà. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ìyá fún un láṣọ òtútù, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ìyàwó òun ti da méjì bo òun nílé."

Òótọ́ ni. Méjì ni mo dà bò ó. Ọjọ́ méjìlá tó gbẹ̀yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jí rárá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lábẹ́ aṣọ, bíi ti ẹni tó ń fá igi. Dókítà ní iṣan ni.

Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ló lọ. Tíṣà gbé ìwé àlejò wá. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta. Ọjọ́ tí ọkọ mi kú gan-an ni.

"Ó parí fèrèsé kẹsàn-án kí oòrùn tó mú," ni Ìyá àgbà wí. "Ó ní òun fẹ́ máa lọ, pé Abẹ́rẹ́ ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, òun ò fẹ́ kó bá òun nínú ìrora. Ó ní o ń bọ̀ wá, obìnrin kékeré báyìí tó máa ń gbàgbé píìnì sí ọrùn aṣọ."

Mo fọwọ́ kan ọrùn aṣọ mi. Píìnì méjì ló wà níbẹ̀.

"Àwa náà ò jẹ́ kó dá lọ. Èèyàn bí ogójì la fi orin sìn ín, títí kan aláìsàn tó lè rìn. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú dé oríta. Ó ní ká dúró níbẹ̀. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ rọ̀, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn kedere dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹsẹ̀ mọ́."

"Ṣé ó bojú wẹ̀yìn?"

"Ó bojú wẹ̀yìn. Ara rẹ̀ yá gágá."

Mo sunkún lórí èjìká obìnrin tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ lù mí lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ọmọ.

A ṣe iṣẹ́ wa. Káfíńtà tí a mú dání fi pákó wa kan ibùsùn. Ó ní òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti bá òun ṣiṣẹ́ tán kí òun tó dé rí. Ajíhìnrere ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó sún mọ́ mi níbi tí mo ti ń rán etí aṣọ, ó ní, "Màmá, kí la máa kà fún ìjọ nínú ìròyìn wa?"

"Ẹ sọ pé a bá fèrèsé níbẹ̀," ni mo wí.

Láàárọ̀ tí a ń lọ, gbogbo wọn sìn wá dé oríta. Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú. Àwọn obìnrin gbé orin, orin jẹ́jẹ́ kan tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ìgbà tí a ń fi ẹsẹ̀ mi ọmọ.

Mo ti gbọ́ ọ rí. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí mo ṣe gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn wa, orin ń dún, ohùn obìnrin púpọ̀, lédè tí mi ò gbọ́. Mo rò pé rédíò aládùúgbò wa ni. Inú bí mi pé wọn ò ro ti aláìsàn. Mo yà lọ kan ilẹ̀kùn wọn kí n tó wọlé. Àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìgbà tí mo fi padà, ilé ti dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa fọwọ́ kàn mí. "Màmá, ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀, oòrùn ti ń mú."

"Dúró ná," ni mo sọ fún un. "Lọ́jọ́sí, mi ò gbọ́ ọ parí."