Sinimá Ọ̀sán Sátidé ní Smyrna

Abẹ́rẹ́ ni Monísọ́lá kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú yàrá ìpàdé kan ní Smyrna, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ó ń rán aṣọ funfun gbàgàdà kan tó ya, nítorí ara aṣọ náà ni sinimá máa hàn sí. Abẹ́rẹ́ gún un. "Yéè, ìyá mi ò!" ló fi bọnu.

Ni Monísọ́lá bá bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni. Ìwé ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ló fà á wọlé lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Kò mọ̀ pé òun máa bá ọmọ Yorùbá níbẹ̀.

"Mú un wá, jàre. Iṣẹ́ mi ni abẹ́rẹ́."

"Ti télọ̀ nìyí o, kì í ṣe ti ọsibítù."

"Ṣebí gbogbo wọn ló ń gún èèyàn?"

Olúwakóredé lorúkọ ẹ̀, ìwé ló wá kà ní Atlanta. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣàlàyé fún èèyàn mẹ́sàn-án tó wá: nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gba èrò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá ní Japan, tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn olùdarí kan kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n gbé kámẹ́rà síta, wọ́n fi ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò ṣe òṣèré, wọ́n ya fíìmù tiwọn. "Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló ń jẹrà nínú páálí báyìí," ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú ilé rẹ̀.

Ohùn yẹn ni Monísọ́lá gbé lọ sílé. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, "Kóre mi" àti "Mọní mi" ni wọ́n ń pe ara wọn.

Bàbá Monísọ́lá, Díkìnì Akíntóyè, tó ń gbé ní Grayson nítòsí ibẹ̀, gbọ́ nípa wọn. "Sinimá? Ti Japan? Ṣé ìyẹn ló máa bọ́ ẹ?"

"Dádì, ẹ kàn rí i ná."

"Mi ò rí i."

Àfi bí lẹ́tà ṣe dé láti Osaka ní Japan. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń tún àwọn fíìmù àtijọ́ yẹn ṣe ní kí Kóredé wá bá àwọn ṣiṣẹ́ fọ́dún méjì.

"Mi ò lọ," ló sọ fún un nínú mọ́tò. "Bí mo bá lọ, bàbá ẹ á fi ẹ́ fún ẹlòmíì."

Ọkàn Monísọ́lá ń fẹ́ kó dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì. "Àwọn fíìmù yẹn ò lè dúró dè ẹ́, olólùfẹ́. Èmi lè dúró. Máa lọ."

Kóredé lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bá Monísọ́lá, ilẹ̀ á ti ṣú bá a lọ́hùn-ún. Ojú ọjọ́ Osaka ló máa ń wò lórí fóònù kó tó wo ti Atlanta. Bí òjò bá ń rọ̀ níbẹ̀, òun náà á mú agboòrùn jáde lábẹ́ oòrùn Georgia.

"Òórùn ìpara ẹ ṣì wà lára kóòtù mi," Kóredé wí lọ́jọ́ kan.

"Irọ́ ńlá! O ti fọ̀ ọ́."

"Mi ò jẹ́ fọ̀ ọ́."

Monísọ́lá fúnra ẹ̀ ló wá ń fi fíìmù han àwọn èèyàn ní Sátidé. Ní oṣù kẹjọ tí Kóredé ti lọ, bàbá rẹ̀ wọlé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì sùn lọ. Nígbà tí èrò tú, ó nu ojú.

"Mi ò lóye nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Mo mọ̀, Dádì. Ẹ ti ń hanrun."

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹ nígbà tó o ń ṣàlàyé. Mo sì ti ń wò ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ń rẹ́rìn-ín, kò dénú. Ọdún mẹ́ta ni màmá ẹ fi dúró dè mí ní Iléṣà. Bí ojú ẹ̀ ṣe rí nìyí nínú gbogbo fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Ará ibo lọmọ yẹn?"

"Ará Òṣogbo ni wọ́n, sà."

"Sọ fáwọn òbí ẹ̀ kí wọ́n pè mí."

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ní Osaka nígbà tí Monísọ́lá pe Kóredé. Bó ṣe gbọ́ iṣẹ́ tí Díkìnì rán, ó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mọní, ó ṣì ku oṣù mẹ́rìndínlógún."

"Mo mọ iye tó kù. Ṣé o máa fẹ́ mi?"

"Mo ti fẹ́ ẹ tipẹ́."

"Parí iṣẹ́ ẹ dáadáa nígbà náà. Ìyàwó ẹ wà nílé."