Ààyè Tí Iná Ń Fò Kọjá

Ọkùnrin náà ò tíì wọ ìsọ̀ tán tó ti na ọwọ́.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, èyí tó dáa jù. Ìyá mi wà nínú mọ́tò níta, inú ń bí wọn."

Ọmọbìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò níwájú ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ gbójú sókè. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn ọkùnrin náà, òwú funfun lẹ̀ mọ́ sòkòtò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sì ń lọ sókè sódò lórí sìmẹ́ńtì bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹlòmíràn ò rí.

"Ẹ káàbọ̀, télọ̀. Àwọn ti àtijọ́ dà?"

"Wọ́n ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe? Wọ́n ti bà jẹ́."

"Ta ló sọ fún yín? Ẹ jẹ́ kí n wo ẹnu wọn ná. Ẹnu wọn ló máa sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò yín fún wa."

Ohùn kan ké láti abẹ́ ọkọ̀ kan lẹ́yìn ìsọ̀. Bàbá rẹ̀ ni, mẹkáníìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta.

"Kí ẹ́ńjìnnì tutù ná o! Ẹni bá tú púlọ́ọ̀gì nínú ooru á já eyín inú ihò rẹ̀!"

Ni wọ́n bá ń dúró. Télọ̀ rìn yí mọ́tò po. Ó jókòó, ó dìde. Ó wo àwọn táyà tó wà lára ògiri, ó tún rìn yí mọ́tò po.

"Ẹsẹ̀-ò-dúró," ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, "ẹ ń mú òòyì kọ́ mi o."

Nígbà tó yá, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò àtijọ́ ni, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́. Ó tú púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí àkísà funfun bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀léra. Gbogbo wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fi ìka nu ọ̀kan.

"Èédú gbígbẹ ni, kì í ṣe ọ́ìlì. Epo tó ń mu ti pọ̀ jù. Tí ara mọ́tò bá yá, àwọ̀ tíì là bá rí níbí."

Ó yọjú sínú ọkọ̀. Ìyá télọ̀ jókòó nídìí ọwọ́ ọkọ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó mú báàgì rẹ̀ kọ́ sára irin kékeré kan tó yọ síta lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ìyá. Ṣé ibẹ̀ yẹn lẹ máa ń gbé báàgì yín kọ́?"

"Ibẹ̀ ni. Látìgbà tí mo ti ń wà á lọ gbẹ̀bí."

"Ṣóòkù nìyẹn mà. Òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ni wọ́n ń fà á, kó lè rí epo mu sí i díẹ̀. Báàgì yín ló ń fà á láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀."

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kó rẹ́rìn-ín.

"O ń fi mí rẹ́rìn-ín?" ìyá rẹ̀ figbe ta. "Kí ọmọ àná yìí máa wí fún èmi, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì yìí gba ọmọ ọlọ́mọ, pé èmi ni mò ń ba mọ́tò mi jẹ́?"

"Ẹ má bínú mà," ni ọmọbìnrin náà ń wí, ṣùgbọ́n ìyá ti yí gíláàsì ọkọ̀ sókè.

Nínú ìsọ̀, télọ̀ mú èyí tó ń dán jù nínú páálí aláwọ̀ wúrà. Ọmọbìnrin náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e ti èyí tó tú jáde.

"Ẹ wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju ti yín lọ. Orí pístìnì tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì ni yóò lọ máa kàn. Èyí tí kò láṣejù yìí ló bá tiyín mu." Ó mú irin pẹlẹbẹ kan, tó fẹ́lẹ́ bí ewé, ó fi wọn àárín ẹnu púlọ́ọ̀gì tuntun náà. "Ààyè yìí ni iná ń fò kọjá. Bí kò bá sí ààyè, iná ò lè fò. Bó bá sì pọ̀ jù…"

Télọ̀ ò gbọ́ ìyókù. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò, àti bó ṣe ń mí jẹ́ẹ́ bó ti ń wọn irin. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì mọ ibi tó gbà wọlé.

Bó ṣe di oníbàárà ìsọ̀ náà nìyẹn. Ó wá ra bẹ́líìtì, ó wá ra gílóòbù. Ó wá béèrè bóyá òjò lè wọ púlọ́ọ̀gì.

"Mọ́tò yín gbádùn o," ọmọbìnrin náà á wí. "Ta ló ń ṣàìsàn báyìí?"

"Èmi ni."

Ó rán épúróònì fún un, ó fi àpò tóóró kan sí àyà rẹ̀ fún irin pẹlẹbẹ náà. Kò wọn ọmọbìnrin náà rí, ojú lásán ló fi gé aṣọ, ó sì bá a lára mu bí ẹni pé awọ rẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà wọ̀ ọ́ lọ síbi díńgí ìwòlẹ́yìn tó ń tà, ó ń wo ara rẹ̀ títí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà á.

Ìyá télọ̀ ní tiẹ̀ ò fẹ́ gbọ́. "Ọlọ́wọ́ epo yẹn? Òun ni yóò máa gbé ọmọ-ọmọ mi?" Ṣùgbọ́n ó ti yọ báàgì rẹ̀ kúrò lára ṣóòkù, kò jẹ́ sọ fẹ́nì kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ọmọbìnrin náà ṣe ń pa ìsọ̀ dé, télọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ tí kò sí níbẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Tí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, ó máa pa mí.
Ìwọ tí irin ń bá sọ̀rọ̀ tó ń gbọ́,
Ìwọ tó ń ka èédú bí ẹni ka ìwé àdúrà,
Dúdú ọwọ́, funfun inú,
Fẹ́ mi. Jọ̀ọ́, wá jẹ́ ààyò mi."

Ọkàn ọmọbìnrin náà fò sókè. Ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ́ láti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kó tó fọwọ́ kàn án ni.

"Fún mi láàyè," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló da nǹkan rú. Ní ìsọ̀ télọ̀, ẹni tó bá ní "fún mi láàyè" ń sọ pé kí aṣọ fẹ̀, kó má fún òun, kí ara òun rí afẹ́fẹ́. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ kì í sì í ṣahun ààyè. Ni ọkùnrin yìí bá lọ sílé, ó fún olólùfẹ́ rẹ̀ láàyè tó pọ̀. Ó yí ọ̀nà tó ń gbà padà. Bó bá rí épúróònì rẹ̀ lókèèrè, ó ń yà sọ́tùn-ún.

Oorun kọ̀ ọ́. Ó rán sòkòtò kan, ẹsẹ̀ òsì méjì ló ní. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò rí nǹkan ṣe mọ́, ó lọ tú àwọn púlọ́ọ̀gì mọ́tò ìyá rẹ̀, kó lè fọwọ́ kan ohun tí ọmọbìnrin náà ti fọwọ́ kàn. Ó rántí pé ọmọbìnrin náà ti sọ nǹkan kan nípa ààyè. Ó fi àlùmọ́gàjí ká ẹnu wọn sókè, ó sì dá wọn padà.

Ọmọbìnrin náà ń retí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ló ń wò. Ẹsẹ̀ tó bá dún, òun ni. Nígbà tó pẹ́, ó bọ́ épúróònì náà, ó ká a. Ó tún tú u wọ̀. Kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ẹkún.

"Ọmọ ọlọ́kọ̀ agbépo, èyí tó fẹ́ fẹ́ ọ, tún bi mí nípa rẹ," bàbá rẹ̀ sọ lálẹ́ Jímọ̀. "Mo ní màá dá a lóhùn lọ́jọ́ Àìkú. Télọ̀ tìrẹ ń kọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá."

"Ẹni tó ń sá kiri báyìí, ṣé èèyàn lè fi ọmọ fún un?"

Ó tún ká épúróònì náà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí etí wa gba ohun tí ọkàn wa ti rí lọ́wọ́ wa.

Lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò ìyá ń wúkọ́, ó ń fò bí ewúrẹ́.

"Gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ yẹn," ìyá wí.

"Ọmọ wo?"

"Èyí tó bú mi. Àwọ̀ mọ́tò mi nìkan ni kò tíì tún ṣe, torí kì í ta ọ̀dà."

"Ìyá, ó ní kí n fún òun láàyè."

"Ìwọ kọ́ ló ń lọ. Mọ́tò ló ń lọ. Wọlé."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, télọ̀ kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí ìyá, kò wo ọmọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ kọ́wọ́, wọ́n sì ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù. Lẹ́yìn náà ó lọ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó fọ abẹ́ èékánná lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó mú àkísà funfun. Ìyá agbẹ̀bí ń wò ó láìṣẹ́jú.

Ó tò wọ́n sílẹ̀.

"Àwọ̀ tíì," ló wí jẹ́ẹ́. "Epo ń lọ dáadáa, Ìyá. Ẹ ṣeun." Lójijì ó gbé ọ̀kan súnmọ́ ojú. "Ta ló fi àlùmọ́gàjí ká ẹnu àwọn wọ̀nyí?"

Ìyá na ìka sínú ọkọ̀.

Télọ̀ sọ̀kalẹ̀. "O ní ààyè ni iná ń gbà kọjá. Mo fún un láàyè."

"Báwo?"

"Bí a ṣe ń fún aṣọ. Kó lè mí."

Ọmọbìnrin náà wò ó. Ó wo púlọ́ọ̀gì ọwọ́ rẹ̀. Ó tún wò ó.

"Ìgbà tí mo ní kó o fún mi láàyè…"

"Mo fún ẹ. Mo yí ọ̀nà padà. Mi ò fẹ́ fún ẹ lọ́rùn."

"Ìwọ ọkùnrin yìí!" Ó fa irin pẹlẹbẹ yọ nínú àpò épúróònì, ó gbé e síwájú ojú rẹ̀. "Ààyè tí mo sọ kò ju èyí lọ! Alẹ́ ọjọ́ kan péré, kí n fi gbàdúrà, kí n sọ fún bàbá mi! O wá fún mi ní èyí tí odindi ọjà lè gba inú ẹ̀ kọjá! Iná wo ló fẹ́ fo ìyẹn?"

Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Télọ̀ ò mọ èyí tí yóò dá lóhùn.

"Nítorí náà… bẹ́ẹ̀ ni lo fẹ́ sọ?"

"Láti ọjọ́ gílóòbù, òmùgọ̀ ààyò mi."

Mẹkáníìkì ti yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ọ́ìlì wà ní imú rẹ̀. "Télọ̀. O ò ní sá mọ́?"

"Mi ò ní sá mọ́, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Kí ni kí n sọ fún ọmọ ọlọ́kọ̀ agbépo lọ́la?"

"Ẹ ní kó máa lọ ire, Bàbá. Kí Ọlọ́run fún un ní tirẹ̀."

Bàbá yíjú sí ìyá. Ìyá gbé báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Bí èmi ṣe máa ń fọ ọwọ́ kí n tó gba ọmọ nìyẹn," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó gbé ọmọ-ọmọ mi."

Àlùmọ́gàjí ti la ara funfun púlọ́ọ̀gì kan. Ọmọbìnrin náà ní kí télọ̀ lọ yan òmíràn fúnra rẹ̀. Ó kọjá lára páálí aláwọ̀ wúrà. Ó gbé tuntun ti àtijọ́, ó wọn gígùn ẹsẹ̀ wọn, ó wo ẹnu wọn, ó sì jókòó títí tí ọmọbìnrin náà fi wọn ààyè gbogbo wọn tán. Ìgbà yẹn ni bàbá tẹjú mọ́ sìmẹ́ńtì: ẹsẹ̀ télọ̀ dúró.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ìyá kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wa ọkọ̀ bí kò ṣe òun. Mọ́tò àtijọ́ náà ń kùn jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn, ọkọ ìyàwó jókòó ti ilẹ̀kùn, kó má tẹ aṣọ funfun ìyàwó tó fi odindi oṣù kan rán.

"Sún mọ́ mi," ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó sún díẹ̀. "Ṣé ó tó?"

Ìyàwó rẹ̀ fi ìka wọn ààyè àárín wọn, ó di ojú kan bí ẹni tó ń wọn irin.

"Ó kù díẹ̀, ààyò mi," ló wí. "Ó kù díẹ̀ sí i."